Abọ́ Yorùbá ní Ọjà Ouagadougou: Bí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ṣe Ń Gba Owó Tó Tọ́ Lórí Òrí

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ọmọ tuntun bá wà nílé yín, tàbí bí ìyá àgbà bá ń gbé lọ́dọ̀ yín, ó ṣeé ṣe kí òrí wà nínú ike kan nítòsí ibùsùn. Òrí ni àwọn ìyá wa ń fi pa wá lára nígbà ọyẹ́. Òun ni wọ́n ń fi ra imú ọmọ tí òtútù bá dí, òun náà ni wọ́n fi ń wọ́ ẹsẹ̀ tó bá rọ́. A máa ń rà á lọ́jà, a máa ń ná an kí iye rẹ̀ lè wálẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n a kì í sábà béèrè ẹni tó ṣe é, tàbí iye tó kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn gbogbo wàhálà.

Ní Burkina Faso, ìbéèrè yìí ti di ohun tí àwọn obìnrin fúnra wọn ń jókòó lé lórí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjà, nítorí pé orúkọ tiwa gan-an wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Bí ẹ bá dé ọjà ní Ouagadougou, olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà, tí ẹ fẹ́ ra ọkà bàbà, ẹ̀wà, ẹ̀pà tàbí kóró òrí, ẹ lè máà gbọ́ kílò rárá. Abọ́ onírin kan ni wọ́n máa gbé síwájú yín. Ní èdè Faransé tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, “assiette yorouba” ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn abọ́ Yorùbá. Ẹni tó bá mọ kóńgò tí à ń fi wọn gàrí àti ìrẹsì nílé wa yóò mọ irú abọ́ tí à ń sọ. Nǹkan bíi kílò 2 ààbọ̀ sí 3 ló máa ń gbà, ohun tí wọ́n bá bù sínú rẹ̀ ni yóò sọ. Kò sì ṣòro láti mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò Yorùbá ti ń gbé ní ìlú náà, tí wọ́n ń tajà, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀, débi pé orúkọ wọn lẹ̀ mọ́ òṣùwọ̀n ọjà.

Abọ́ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n abọ́ kan lè jìn ju èkejì lọ. Ọwọ́ tó ń bù ú lè gún un lórí, ó sì lè gé e. Fún obìnrin tó ń ta kóró òrí ní abúlé, ìyàtọ̀ tó wà láàárín abọ́ àti òṣùwọ̀n kílò lè jẹ́ owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ.

Igi tí ẹnikẹ́ni kì í kánjú gbìn

Igi òrí ni igi tí àwọn kan nínú wa ń pè ní igi emi. Kò fẹ́ igbó kìjikìji bíi ti Oǹdó tàbí Ifẹ̀. Ọ̀dàn ló fẹ́, níbi tí òjò kò ti pọ̀ jù. Ìdí nìyí tó fi wà káàkiri láti Senegal títí dé Ethiopia àti Uganda, tó sì gba inú Burkina Faso kọjá dáadáa. Àwọn Mossi, tí wọ́n pọ̀ jù ní Ouagadougou àti agbègbè rẹ̀, ń pè é ní taanga ní èdè Mooré wọn. Nílé wa náà, ó wà ní Òkè-Ògùn, ní apá ibi tí Ṣakí, Kìṣí àti Ìgbẹ́tì wà, ó sì wà ní ìpínlẹ̀ Kwara àti Niger.

Igi yìí kì í yá. Ó lè gba ọdún 15 sí 20 kó tó so èso àkọ́kọ́, ó sì lè tó ọdún 40 kó tó máa so dáadáa. Bí wọn kò bá gé e, ó lè lo 200 ọdún lórí ilẹ̀. Nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ kì í fi í sábà gbìn ín. Tí wọ́n bá ń ṣán oko, wọ́n kàn máa ń fi í sílẹ̀ láàárín ọkà ni. Èso tí obìnrin kan ń ṣà lónìí, bàbá bàbá ọkọ rẹ̀ ló dá igi rẹ̀ sí.

Òkìkí òrí kì í ṣe tuntun. Mungo Park, ará Scotland tó wá wo odò Ọya ní ọdún 1796, rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Mali lónìí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ pé lẹ́nu òun, ó dùn ju bọ́tà tó dára jù tí òun ti jẹ rí láti ara wàrà màlúù.

Iṣẹ́ tó wà nídìí òrí kan

Láti bí oṣù karùn-ún ni èso náà ti máa ń pọ́n tí yóò sì máa bọ́ sílẹ̀ títí di oṣù kẹjọ. Àwọn obìnrin a jí ní ìdájí, kí ẹran tàbí ẹlòmíràn tó ṣà á tán. Nínú koríko tútù ni wọ́n ti ń ṣà á, níbi tí ejò àti àkeekèé lè fara pamọ́ sí. Wọ́n á gbé e sórí, wọ́n á rìn padà sílé, iṣẹ́ ilé sì ń dúró dè wọ́n.

Wọ́n á jẹ ẹran ara rẹ̀ tàbí kí wọ́n bó o kúrò, nítorí ó dùn lẹ́nu. Wọ́n á se kóró inú rẹ̀, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á fọ́ èèpo rẹ̀, wọ́n á tún sá a. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe òrí, wọ́n á gún un wẹ́wẹ́, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí tí yóò fi dà bí ọbẹ̀ kíki tó dúdú. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó le jù ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á máa fi ọwọ́ pò ó, wọ́n á máa lù ú, títí tí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi dìde sójú omi ní fúnfun. Wọ́n á kó o kúrò, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kó dì.

Bí wọ́n bá ṣe gbogbo èyí tán, kílò kóró 3 tàbí 4 ló máa di kílò òrí kan ṣoṣo. Omi tí wọ́n lò pọ̀, igi ìdáná tí wọ́n jó pọ̀, wákàtí tí wọ́n sì lò kò ṣeé fi ṣeré. Ní Burkina Faso, wọ́n máa ń pe òrí ní wúrà àwọn obìnrin, nítorí pé àwọn obìnrin ló ni iṣẹ́ náà látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n wúrà tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹni tó bá rà á ló máa mọ̀ ọ́n.

Ibi mẹ́ta tí owó ti ń jò

Tí a bá béèrè ìdí tí owó òrí kì í fi í dúró lọ́wọ́ obìnrin tó ṣà á, ibi mẹ́ta ló yẹ ká wò.

Àkọ́kọ́ ni òṣùwọ̀n. Àwọn alájàpá tó ń lọ láti abúlé dé abúlé ló máa ń ra kóró náà, abọ́ ni wọ́n sì ń lò. Ká sọ pé abọ́ alájàpá kan gba kílò 3, ṣùgbọ́n owó kílò 2 ààbọ̀ ló ń san. Nínú abọ́ 40, kílò 20 ti lọ lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí ìjà, láìsí olè. Obìnrin náà kò mọ̀, nítorí pé abọ́ kún lójú rẹ̀.

Èkejì ni àkókò. Ẹ wò ó, oṣù tí èso òrí ń bọ́ náà ni oṣù tí ọkà ọdún tó kọjá ti ń tán nínú àká, tí tuntun kò sì tíì yọ. Ebi wà nílé. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Obìnrin tó ní kóró nílé, tí ọmọ rẹ̀ kò tíì jẹun, kò lè sọ pé òun máa dúró de oṣù kejìlá kí ọjà lè gbówó lórí. Ohun tí alájàpá bá dá lé e ló máa gbà. Bí oṣù díẹ̀ bá kọjá, kóró yẹn kan náà á ti wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìròyìn. Alájàpá mọ iye tí wọ́n ń rà á ní Ouagadougou, ó sì mọ iye tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé e lọ ní Tema tàbí Lomé. Ẹni tó ń ta kò mọ̀ ju ohun tí ará ilé kejì gbà lánàá lọ.

Ibi tí òrí ń lọ sì jìnnà ju ibi tí ọ̀pọ̀ wa rò lọ. Tí a bá gbọ́ òrí àti òyìnbó, ìpara ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Òótọ́ ni pé ó wà nínú ìpara. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú kóró tó ń kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ilé iṣẹ́ oúnjẹ ló ń gbà á. Ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n ń yọ láti fi rọ́pò díẹ̀ nínú ọ̀rá kòkó. Òfin àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ọdún 2000 fàyè gba ọ̀rá igi mìíràn nínú ṣokoléètì títí dé ìdá 5 nínú 100, òrí sì wà lára àwọn ọ̀rá mẹ́fà tí òfin náà dárúkọ. Èyí túmọ̀ sí pé kòkó àgbẹ̀ Oǹdó àti òrí obìnrin Burkina Faso lè pàdé nínú bébà ṣokoléètì kan náà, kí wọ́n sì padà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní owó tí ẹni tó kó wọn kò lè fi ra á fún ọmọ rẹ̀.

Ẹ ràn ara yín lọ́wọ́

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ní ọdún 1990, àwọn obìnrin kan ní Ouagadougou dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Songtaab-Yalgré. Ní èdè Mooré, song taaba ni kí a máa ran ara wa lọ́wọ́. Iṣẹ́ òrí di ara ohun tí ẹgbẹ́ náà di olókìkí fún, ṣùgbọ́n kíkọ́ àwọn obìnrin ní ìwé kíkà àti kíkọ wà lára ohun tí wọ́n gbájú mọ́. Ẹ má ṣe rò pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tí kò mọ òǹkà kò lè ka ohun tí òṣùwọ̀n ń sọ.

Ní ọdún 2001, ní apá gúúsù, ní ìlú Léo tí kò jìnnà sí ẹnubodè Gánà, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin káàkiri Sissili àti Ziro kó ara wọn jọ sínú ìṣọ̀kan kan tí wọ́n ń pè ní UGPPK. Ìṣọ̀kan yìí gba ìwé ẹ̀rí òwò títọ́, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Fairtrade, wọ́n sì ń ta òrí wọn fún ilẹ̀ òkèèrè. Láti àwọn ọdún 1980 ni L'Occitane, ilé iṣẹ́ ìpara kan ní ilẹ̀ Faransé, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra òrí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Burkina Faso, kì í ṣe kóró nìkan.

Báwo ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́? Àwọn obìnrin abúlé kan á kó ara wọn jọ, wọ́n á yan ìyá ẹgbẹ́, akọ̀wé àti akápò. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo ìlànà OHADA, tí Burkina Faso, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà lára wọn, ti fi lélẹ̀ láti ọdún 2010 pé ènìyàn 5 péré ti tó láti fi orúkọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kékeré sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké á wá para pọ̀ di ìṣọ̀kan ńlá tó lè bá ẹni tó ń rà á ní òkèèrè sọ̀rọ̀.

Tí kóró bá dé, òṣùwọ̀n kílò ni wọ́n á gbé e sí, lójú ẹni tó ni ín. Akọ̀wé á kọ orúkọ rẹ̀, iye kílò rẹ̀ àti ọjọ́ tó gbé e wá. Ẹni tó bá fẹ́ ta òrí gẹ́gẹ́ bí èyí tí kò ní kẹ́míkà nínú gbọ́dọ̀ lè fi hàn láti inú ìwé pé àpò báyìí ti abúlé báyìí wá. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n ń kọ nítorí oníbàárà òkèèrè náà ló tún ń dáàbò bo ìyá tó gbé kóró wá. Bí ìjà bá dé, ìwé á sọ̀rọ̀.

Wọ́n tún ń kọ́ ara wọn bí òrí ṣe máa dára. Kóró tí wọ́n bá fi èéfín gbẹ kì í níyì, òórùn rẹ̀ kì í tán nínú òrí, ilé iṣẹ́ ìpara kì í sì í fẹ́ ẹ. Kóró tó ti hù tàbí tó ti bu kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá ṣe é bákan náà, wọ́n á lè béèrè owó tó ga.

Ní ti àkókò ebi, ìyẹn gan-an ni ẹgbẹ́ ti ń wúlò jù. Lábẹ́ ìlànà òwò títọ́, ẹgbẹ́ lè ní kí ẹni tó fẹ́ ra ọjà san apá kan nínú owó ṣáájú, ó lè tó ìdá 60 nínú 100. Owó yẹn ni wọ́n fi ń san fún àwọn ìyá nígbà tí èso ń bọ́, kí wọ́n má baà tà á ní ọ̀pọ̀ fún alájàpá. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn àgbẹ̀ Burkina Faso àti Niger mọ̀ dáadáa. Wọ́n á kó ọkà tàbí kóró sínú ilé ìkẹ́rù kan tí wọ́n á tì pa, ilé ìfowópamọ́ á fi ìyẹn ṣe ohun ìdúró, á sì yá wọn lówó. Tí ọjà bá gbówó lórí, wọ́n á tà, wọ́n á san gbèsè, èrè á kù.

Lórí òwò títọ́ yìí, owó àfikún kan tún wà tí oníbàárà máa ń san yàtọ̀ sí owó òrí. Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa ń pinnu nínú ìpàdé gbogbogbò ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Kì í ṣe oníbàárà ló máa sọ fún wọn.

Ohun tí èyí ń ṣe nínú ilé, ẹ̀yin tí ẹ ní ìdílé ló máa yé jù. Ní ọdún 1984, Ààrẹ Thomas Sankara ní kí àwọn ọkùnrin Burkina Faso gba ọjà lọ ní ọjọ́ kan dípò ìyàwó wọn, kí wọ́n lè mọ ohun tí obìnrin ń fojú rí kí ọbẹ̀ tó délẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kò tíì kú: owó tó bá wọ ọwọ́ ìyá, inú ìkòkò, ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ ló sábà máa ń gbà lọ.

Àwọn mọ̀lẹ́bí wọn nínú igbó kòkó

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí kì í ṣe ti ọ̀dàn nìkan. Ní igbó kìjikìji ilẹ̀ Gánà, àwọn àgbẹ̀ kòkó dá ẹgbẹ́ Kuapa Kokoo sílẹ̀ ní ọdún 1993. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé dání ni pé, ní abúlé kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni yóò dìbò yan ẹni tí yóò máa wọn kòkó. Ẹni tí gbogbo abúlé yàn, tí ọmọ rẹ̀ ń bá ọmọ wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà, kò rọrùn fún un láti yí òṣùwọ̀n. Ní ọdún 1998, ẹgbẹ́ náà bá àwọn mìíràn dá ilé iṣẹ́ ṣokoléètì kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n, èyí tí a mọ̀ sí Divine lónìí, wọ́n sì ní ìpín nínú rẹ̀.

Àwa náà kì í ṣe àlejò sí ọ̀nà yìí. Láti àwọn ọdún 1920 ni àwọn àgbẹ̀ kòkó nílẹ̀ Yorùbá ti ń kó ara wọn jọ láti sá kòkó wọn dáadáa kí wọ́n sì tà á pa pọ̀. Òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 1935. Ní ọdún 1953, ilé ìfowópamọ́ àwọn ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní Cooperative Bank, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá tó ran ọmọ wọn lọ sí yunifásítì láti inú owó kòkó, inú ìpàdé ẹgbẹ́ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń dúró de ọjà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú

Kò yẹ ká tan ara wa. Ẹgbẹ́ kì í ṣe oògùn fún gbogbo àìsàn. Ìwé ẹ̀rí òwò títọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹgbẹ́ ló ń sanwó rẹ̀. Oníbàárà tó ń san owó tó tọ́ kì í sì í ra gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ ní, ìyókù á gba ọjà bí ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ṣì wà láìsí ẹgbẹ́ kankan.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Obìnrin ló ń ṣa èso, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló sábà máa ń ní ilẹ̀. Bí ọkọ tàbí àna bá fẹ́ gé igi náà fún èédú, tàbí tó fẹ́ ta ilẹ̀, ohùn obìnrin kì í lọ jìnnà. Igi tó gba ọdún 20 kó tó so, ọ̀sán kan péré ló ń gbà láti gé e.

Ogun sì ti dá kún un. Láti bí ọdún 2015 ni àwọn agbébọn ti ń kọlu abúlé ní Burkina Faso, nígbà tó sì di ọdún 2023, ìjọba fúnra rẹ̀ kà á pé ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 2 ló ti sá kúrò nílé. Obìnrin tí kò lè jáde ní ìdájí lọ sínú oko kò lè ṣa èso, bó ti wù kí ọjà dára tó.

Àwọn ìjọba ti wá ń gbé ìgbésẹ̀ tiwọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Burkina Faso dá kíkó kóró òrí lọ sí òkèèrè dúró, kí àwọn ilé iṣẹ́ inú ilé lè rí i lò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Nàìjíríà náà kéde pé kí ẹnikẹ́ni má kó kóró òrí jáde fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 kóró òrí àgbáyé ló ń ti Nàìjíríà wá, ṣùgbọ́n ohun tó ń wọlé fún wa nínú òwò náà kò ju bí ìdá 1 lọ.

Èrò náà dára. Òrí níyì ju kóró lọ, ẹni tó bá sì ṣe òrí tán ló yẹ kó jẹ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá lé ẹni tó ń ra kóró lọ, tí ilé iṣẹ́ tó máa rà á nílé kò sì tíì pọ̀ tó, obìnrin tó ní àpò kóró nílé ni ìyà náà á kọ́kọ́ bá, nítorí iye tí wọ́n máa san fún un á já wálẹ̀. Níbi tí ẹgbẹ́ bá ti wà, tí wọ́n ní ẹ̀rọ ìlọ̀ àti ilé ìkẹ́rù, wọ́n lè sọ kóró wọn di òrí fúnra wọn. Níbi tí kò bá sí ẹgbẹ́, òfin tí wọ́n ṣe nítorí obìnrin náà lè di ẹrù lé e lórí.

Ohun tí àwa lè mú nínú rẹ̀

Ẹ̀yin tí igi òrí wà lóko yín ní Òkè-Ògùn tàbí Kwara, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gé e fún èédú. Ẹ se kóró, ẹ sá a sóòrùn, ẹ má fi èéfín gbẹ ẹ. Bí ẹ bá jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́wàá ní àdúgbò, ẹ dáwó ra òṣùwọ̀n kílò kan, kí ó jẹ́ ti gbogbo yín, kí ẹ sì yan ẹni tí ẹ fọkàn tán láti máa wọ̀n ọ́n. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀. Bí ẹnì kan nínú yín kò bá mọ̀wé, ọmọ rẹ̀ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ lè jókòó tì í. Ẹ máa dá ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ bíi ti àjọ tí ẹ ti mọ̀, ṣùgbọ́n kí owó náà dúró de oṣù ebi, kí ẹnikẹ́ni má baà ta gbogbo kóró rẹ̀ ní oṣù keje.

Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń rà á fún ilé, ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Òrí tó dára kì í rùn bí èéfín, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń fẹ́ jọ ti eyín erin. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò ti ní í bà á. Tí ẹ bá mọ ẹgbẹ́ obìnrin kan tó ń ṣe é, ẹ rà á lọ́wọ́ wọn tààrà. Bí ẹ bá sì ń ná an, ẹ rántí pé kílò kóró 3 tàbí 4 ló wà nínú kílò kan tí ẹ mú dání, pẹ̀lú ìdájí ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Abọ́ Yorùbá yóò ṣì wà ní ọjà Ouagadougou fún ọjọ́ pípẹ́. Kò sí ìdí láti kó o jù nù, ó ti bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ orúkọ wa ló ń jẹ́, ó yẹ kó dùn mọ́ wa pé àwọn obìnrin kan ti gbé òṣùwọ̀n kílò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń ka iye tó wà lójú rẹ̀ fúnra wọn, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gba owó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí àwa náà gbé òṣùwọ̀n tiwa jáde.